Ọjọ́ Tí Àbẹ̀bí Fi Ọkọ́ Kan Ààlà Odò Oníyeyè

Àwọn tí kò sí níbẹ̀ ló ń pa ìtàn yìí dà. Wọ́n á ní Àbẹ̀bí bá wolé-wolé jà. Kò bá a jà. Wọ́n á ní ó bú àwọn àgbà ilé ọkọ rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn kan tilẹ̀ ní ńṣe ni a ti ẹrẹ̀ burúkú náà sí ìsàlẹ̀ odò kí àwọn ará ìlú Ara tó múlé tì wá lè rí i mu. Irọ́ gbáà ni. Mo wà níbẹ̀, mo gbé garawa títí èjìká mi fi bó, ojú mi ló sì ṣe. Bó ṣe rí gan-an ni mo fẹ́ sọ.

Obìnrin gíga ni Àbẹ̀bí, apá rẹ̀ gùn, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ilé Aṣípa ni wọ́n bí i sí, Ilé Jagun ló sì fẹ́ ọkọ sí. Agboolé méjèèjì múlé ti ara wọn lẹ́bàá Odò Oníyeyè, ní Ẹ̀jìgbò wa níbí. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín lọ sílé ọkọ, ìyá rẹ̀ kò tíì nu omijé nù tán tí ìyàwó fi padà wá mú bàtà tó gbàgbé. Láàárọ̀, á kúnlẹ̀ kí gbogbo ará ilé ọkọ, títí kan àwọn ọ̀dọ́ tí kò lè pè lórúkọ. Lọ́sàn-án, á kọjá sílé bàbá rẹ̀, á sì máa rán àwọn ìyàwó ibẹ̀ níṣẹ́.

Kàsímù ọkọ rẹ̀ wà ní Abíjàn, bí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ìlú wa. Bó bá rántí, á fi nǹkan ránṣẹ́. Bí kò bá rántí, àkùrọ̀ Àbẹ̀bí ni ilé ń jẹ. Etí ibú odò ni àkùrọ̀ náà wà, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí ẹ̀fọ́ wọ́n bí ojú, tirẹ̀ á máa tutù yọ̀yọ̀: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ilá. Ibẹ̀ ló ti rí owó ilé-ìwé Ọmọpẹ́, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ba odò náà jẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ lódì. Kì í ṣe àwọn tó ń fọṣọ ló bà á jẹ́. Lẹ́yìn gárééjì àtijọ́, ṣáláńgá gígùn kan wà tí gbogbo àdúgbò ń lò nígbà tí a wà léwe. Nígbà tó kún, ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ òmíràn. Gọ́tà ni wọ́n là láti ìdí rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, bí òjò bá sì ti rọ̀, gọ́tà á kún àkúnya, á da gbogbo ohun tó gbé sínú ibú. Wọ́n padà di ṣáláńgá náà pa, gọ́tà gbẹ, koríko hù bò ó. Ohun tó ti gbé wá kò bá a lọ. Ó rì sísàlẹ̀ ibú, ìpele lórí ìpele, ó dúdú bí ọ́ìlì tó jò sílẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù. Ti igi bọ̀ ọ́, á hó pọ̀ọ́pọ̀ọ́, òórùn tó lè mú òkú sín á sì jáde. Àwọn ènìyàn ń sọ pé odò kú. Odò kò kú. A fún un lọ́rùn ni.

Lọ́dún 1994, nígbà ọyẹ́, wolé-wolé tuntun kan dé láti ìjọba ìbílẹ̀. Matthias ni orúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tí kakí rẹ̀ ń le gbagidi. Ó dúró létí ibú, ó wo ẹ̀fọ́, ó wo omi, ó sì ṣàlàyé fún Àbẹ̀bí nípa aràn àti ìgbẹ́ gbuuru tó ń tara irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀ gba inú ẹ̀fọ́ wọ ikùn ènìyàn. Àbẹ̀bí kò jiyàn. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń pe ọjà rẹ̀ ní ẹ̀fọ́ ìdí ṣáláńgá tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà gan-an ló fa gbogbo ohun tó gbìn tu, títí kan ilá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tanná, ó sì dáná sun ún.

Ó rò pé ó parí síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Matthias padà wá.

“Ìyá, ìjọba ìbílẹ̀ ti pinnu. Katakata á wá da ilẹ̀ pupa sínú ibú yìí, wọ́n á dí i pa.”

“Dí i pa kẹ̀? Ọ̀gá, tí ẹ bá dí i, kí ni kí n máa gbìn sórí ilẹ̀ gbígbẹ? Bàtà?”

“Èmi kọ́ ni mo pàṣẹ, Ìyá. Ewu ni wọ́n ń lé.”

“Ẹ jẹ́ kí a kó ewu náà kúrò, kí odò ṣẹ́ kù.”

Matthias rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rí i pé kò ṣàwàdà. Ó ronú, ó ní ó dáa: bí àwọn ará ibẹ̀ bá lè kó ẹrẹ̀ náà kúrò pátápátá, bí omi bá ń ṣàn, tí òun sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kedere ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ìmọ́tótó, òun á dá katakata dúró. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ní Mọ́ńdè tó bá tẹ̀lé e, ó dé nìyẹn.

Agboolé mẹ́ta ló ni etí ibú náà: Ilé Jagun lókè, Ilé Aṣípa láàárín, Ilé Ọlọ́nà tiwa nísàlẹ̀. Àbẹ̀bí mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ kò ní gbé ọkùnrin kankan wọnú ẹrẹ̀ yẹn. Ó kọ́kọ́ tọ Sàká lọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí Ilé Jagun.

“Baálé mi, ẹ kú ìsinmi. Mo gba Ilé Aṣípa kọjá lánàá. Wọ́n ní tó bá di ti ẹrẹ̀ gbígbẹ́, ọwọ́ àwọn ará Ilé Jagun rọ̀ bí ẹ̀kọ.”

Sàká tó ti fẹ̀yìn lélẹ̀ dìde jókòó. “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Èmi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o. Ọmọ wọn ni mí, ìyàwó yín ni mí.”

Ó kọjá sí ọ̀dọ̀ Oyèdèjì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ilé Aṣípa. “Ẹ̀gbọ́n mi, àwọn ará ilé ọkọ mi ní kí ẹ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àwọn. Wọ́n ní ẹ ti ń dàgbà.”

“Àwọn wo? Àwọn Sàká? Sàká tí kò lè yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀!”

Kó tó dé Ilé Ọlọ́nà, gbogbo wa ti ń bínú sí ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní irọ́ kò dára. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní, “Tíṣà, ẹ bá mi wá òótọ́ tó lè gbé ọkùnrin wọ ẹrẹ̀ ṣáláńgá.” Mo wá a, n kò rí i.

Sátidé náà pé. Ẹ ò rí èrò! Ìmọ́tótó kò jẹ́ kí mọ́tò rìn láàárọ̀, kò sí oko, kò sí ọjà, gbogbo ayé ló wá sódò. Matthias ti fi àpò iyanrìn dí òkè odò kí omi má bàa wọlé, a sì gbọ́n ibú gbẹ. Ó ti ní kí a gbẹ́ kòtò ńlá sórí ilẹ̀ gíga, jìnnà sí omi. Inú rẹ̀ ni a ó máa da ẹrẹ̀ sí, a ó bu eérú lé e, a ó bu ilẹ̀ pupa lé eérú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ẹrẹ̀ láìwọ bàtà. Ẹni tó ní bàtà rọ́bà wọ̀ ọ́, ẹni tí kò ní so ọ̀rá mọ́ ẹsẹ̀ dé orúnkún. Bí a ṣe ń rìn, ọ̀rá ń dún ṣáráṣárá bí ẹni pé adìyẹ ń tú ìdí igbó.

Bàbá kan gun kẹ̀kẹ́ wá láti Isundunrin, ó na ìka sí kòtò. “Ẹ bu díẹ̀ fún mi níbẹ̀. Iṣu mi á ta bí orí erin!”

“Bàbá, á ta lóòótọ́,” ni Matthias wí. “Ta ni yóò wá jẹ ẹ́?”

“Kì í ṣèmi o. Ẹ̀yin ará Ẹ̀jìgbò ni màá tà á fún.”

Ẹ̀rín bẹ́. Kò rí bù, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń ṣe adájọ́.

Iṣẹ́ di ìdíje. Bí a ti ń ṣe ọ̀wẹ̀ lóko la ṣe é: agboolé kọ̀ọ̀kan gba ìpín tirẹ̀, ó dojú kọ ọ́. Ṣọ́bìrì ń lọ, garawa ń bọ̀, ọpọ́n onírin ń ti orí ẹnì kan bọ́ sí orí ẹlòmíràn. Sùlàímọ́nù, ọmọ Ilé Jagun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Abíjàn dé, wọ bàtà rọ́bà tó kan itan, ó sì ń fi Faransé darí èrò. “Dúsìmáà! Dúsìmáà!” Ẹnì kan ní kí ló ń wí. Ó ní òun ní kí wọ́n rọra ni.

“Rọra kẹ̀?” ni Oyèdèjì pariwo láti ìpín tiwọn. “Abájọ! Ilé Jagun tún ti ra ẹni tí yóò máa sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra!”

“Ẹ dákẹ́, ẹ gbẹ́lẹ̀!” ni Sàká dá a lóhùn, òógùn ń kán sí i lójú. “Ẹnu yín yá ju ọkọ́ yín lọ!”

Bí oòrùn ṣe ń ga, igbe ta. “Iyanrìn funfun! Ilé Aṣípa ti kan iyanrìn funfun!” Kí wọ́n tó dákẹ́, Ilé Jagun náà kan tiwọn. Àwa Ọlọ́nà la kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n tiwa ló jinlẹ̀ jù. Mo rí iyanrìn náà lábẹ́ ṣọ́bìrì mi, ó mọ́ bí iyọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ojú ọ̀run ò ti kàn án. N kò mọ ìgbà tí mo ju fìlà mi sókè.

Lọ́sàn-án gangan, Matthias ní kí wọ́n ṣí àpò iyanrìn kan kí a dán an wò. Omi rọ́ wọlé, ó mọ́ gaara, gbogbo wa hó yèè. Ó kún ìpín Ilé Jagun. Ó kan ẹ̀yìn ìpín náà, ó dúró. Ó ń yí po lójú kan, ó ń họ ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí i lọ́nà, kò pẹ́ tó tún fi dúdú kirikiri. Òórùn àná padà dé. Ariwo wa kú bí iná tí wọ́n da omi sí.

“Ẹ dí i padà! Ẹ tètè dí i!” ni Matthias kígbe. Wọ́n dí i, wọ́n tún gbọ́n ọ́n. Ó rìn yípo ibú náà, ó sì na ọwọ́. “Kí ló dé tí ẹ fi odi sílẹ̀?”

Ìgbà náà ni gbogbo wa tó wò ó. Àgbẹ̀ ni wá, àgbẹ̀ kì í sì í sọ ọkọ́ sí ààlà. Bí ìpín méjì bá pàdé, a máa ń fi ojú ilẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ láàárín, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé a jẹ ilẹ̀ òun. Ti Ilé Jagun àti Ilé Aṣípa tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ayé àwọn bàbá wọn, wọ́n ti gbé ara wọn dé kọ́ọ̀tù lórí etí odò yìí. Àwọn àgbà ló parí rẹ̀, wọ́n gbin pèrègún, wọ́n sì búra pé ọkọ́ ọmọ ilé kankan kò ní kan ààlà náà mọ́. Pèrègún wà lórí ilẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò, ṣùgbọ́n lójú wa, ààlà la inú omi kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni oníkálukú ṣe gbẹ́ ìpín tirẹ̀ kan iyanrìn, tó sì yà fún ààlà. Àwa àti Ilé Aṣípa ṣe bákan náà. Ògiri ẹrẹ̀ dúdú méjì ló dábùú ibú láti etí dé etí, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó kí ènìyàn sùn lé e.

“Kì í ṣe odi,” ni Sàká wí. “Ààlà ni.”

“Ààlà nínú omi?”

“Ṣé orí afẹ́fẹ́ ni omi dúró sí ni?”

Mo dá a lábàá pé kí ilé méjèèjì jọ gbẹ́ ẹ. Wọ́n gbà. Ta ni yóò wá kọ́kọ́ sọ ọkọ́ kalẹ̀? Sàká ní kí Ilé Aṣípa bẹ̀rẹ̀. Oyèdèjì ní, “Kí ẹ lè sọ lọ́la pé àwa la dalẹ̀? Ẹ̀yin ẹ bẹ̀rẹ̀.” Sàká ní bàbá òun kò bí òmùgọ̀. Oyèdèjì ní òun ò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí ìyẹn. Báyìí ni ohùn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè, tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ṣọ́bìrì sílẹ̀ tí wọ́n ń súnmọ́ ara wọn. Ẹrẹ̀ ń gbóná nínú oòrùn. Matthias wo oòrùn náà, ó mi orí. “Mò ń lọ wo gọ́tà gárééjì. Tí mo bá padà dé tí n kò rí ìsàlẹ̀ omi, ẹ má bá mi wí.”

Àbẹ̀bí wà lókè létí kòtò, ó ń bu eérú. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọpọ́n sọ̀, ó mú ọkọ́ tó fi ń kọ ebè ní àkùrọ̀, ó sì sọ̀kalẹ̀. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Ó gun orí ògiri ẹrẹ̀ àárín Ilé Jagun àti Ilé Aṣípa, ó rìn títí dé àárín gbùngbùn rẹ̀.

“Ìyá Ọmọpẹ́!” Sàká ké. “Kí lò ń wá lórí ààlà?”

Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ rẹ̀, ó dojú kọ Ilé Jagun. “Baálé mi, mo kí yín.” Ó yí padà lórí eékún, ó dojú kọ Ilé Aṣípa. “Ẹ̀gbọ́n mi, mo kí yín.” Ó dìde. “Mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Tí ọkọ́ mi bá jẹ nínú ilẹ̀ Ilé Aṣípa, ilẹ̀ ta ni mo jẹ?”

“Ilẹ̀ bàbá rẹ,” ni Oyèdèjì fèsì.

“Ọmọ ń ja bàbá rẹ̀ lólè bí? Tó bá wá jẹ nínú ilẹ̀ Ilé Jagun ńkọ́?”

Bàbá orí kẹ̀kẹ́ ló bá Sàká dáhùn: “Ilẹ̀ àwọn ọmọ rẹ ni!”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣé mo lè ja Ọmọpẹ́ lólè? Ọkọ́ ọmọ ilé ni àwọn bàbá wa ní kó má kan ààlà kí ilé kan má bàa jẹ èkejì. Èmi wà nínú méjèèjì. Ilé wo ló jẹ ilé wo?”

Ó gbé ọkọ́ sókè, ó dúró, ojú rẹ̀ wà lára Sàká. Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ èyí, nítorí àwọn tó ń sọ pé ó rí àwọn àgbà fín: ó dúró. Ọkọ́ ń wúwo sí i lókè, ó sì dúró.

Sàká wo Oyèdèjì. Oyèdèjì wo Sàká. Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ mú Oyèdèjì.

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ,” ló wí. “Mo ti bá yín dárò láti ọjọ́ yẹn.”

“Ìyàwó wa,” ni Sàká wí, òun náà ò lè pa ẹ̀rín mọ́, “sọ ọ́ kalẹ̀ kí apá rẹ má bàa já.”

Ọkọ́ balẹ̀. Gbọ̀ọ́! Ẹrẹ̀ là, igbe sì ta láti etí dé etí. Ẹnì kan ké pé, “Ààlà ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ta ni ọmọ Ọlọ́nà tó fẹ́ ọkọ sí Aṣípa?”

“Mùínàt!”

“Mo ti wà níbí!” Mùínàt, àbúrò mi, ti so ọ̀rá mọ́ ẹsẹ̀, ó ti wà lórí ògiri kejì kí wọ́n tó pè é tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń tú jáde, gbogbo obìnrin tó jẹ́ ọmọ níhìn-ín tó jẹ́ ìyàwó lọ́hùn-ún. Àwa tí a ti ń bí wọn tí a sì ti ń fẹ́ wọn kò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ló ń gbẹ́, àwa ọkùnrin dúró nínú ìpín wa, ọpọ́n lórí, à ń ru ohun tí wọ́n bá bù.

“Baálé mi, ẹ dì í mú dáadáa o,” ni Àbẹ̀bí ń wí bó ṣe ń di ẹrù lé Sàká lórí. “Wọ́n ní ọwọ́ yín rọ̀ bí ẹ̀kọ.”

“Wọ́n ni, àbí ìwọ ni?” Sàká dúró lábẹ́ ọpọ́n. Ojú rẹ̀ yí padà. “Àbẹ̀bí! Ìwọ ni, àbí?”

“Ọpọ́n yín ti kún, Baálé mi, ẹ má dúró.”

Ó rìn lọ, èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí garawa ìkẹyìn wọ kòtò. Matthias ti padà dé. Òun fúnra rẹ̀ ló fa àpò iyanrìn àkọ́kọ́ yọ. Omi wọlé, ó gba ìpín Ilé Jagun, kò dúró. Ó gba ti Ilé Aṣípa, ó gba tiwa, ó gba ìsàlẹ̀ lọ, ó ń dún. Matthias so okùn mọ́ abọ́ tánńganran funfun kan, ó sọ ọ́ sínú ibú níbi tó jìn jù. A ò rí nǹkan. Omi ṣì rú. Àbẹ̀bí dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu ara rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í yọ nísàlẹ̀, bí òṣùpá tó ń jáde nínú ìkùukùu. Ó di róbótó. Ó mọ́lẹ̀.

“Mo rí òdòdó ìdí abọ́!” ni Mùínàt ké. “Òdòdó pupa! Mo rí i!”

Ẹ má bi mí ní ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Sùlàímọ́nù gbé Matthias sí èjìká pẹ̀lú kakí rẹ̀, Oyèdèjì sì ń fi ẹrẹ̀ kun Sàká lójú bí ọmọdé. Láti òkè ni wolé-wolé ti ń kígbe pé kí ẹnikẹ́ni má tíì mu omi náà, pé òun á gbé e lọ sí Òṣogbo fún àyẹ̀wò, pé bíbomi rin oko nìkan ni òun yọ̀ǹda. Katakata ńkọ́? Katakata ò wá mọ́!

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, n kò rí Àbẹ̀bí. Ó ti wà ní àkùrọ̀. Ó ti kọ ebè kan tán, ó ti dé àárín èkejì, aṣọ tó fi kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ti gbẹ gbagidi mọ́ ọn lára.

“Ìyá,” ni Matthias ké sí i, “ẹ ò ṣe dúró kí èsì àyẹ̀wò dé?”

“Kó tó dé, ilá mi á ti yọ ewé, ọ̀gá.”

“Ìyá Ọmọpẹ́!” Sàká náà pè é, ẹrẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. “Wọ́n ti ń bu oúnjẹ o! Wá jẹun!”

“Ẹ máa jẹ, Baálé mi,” ló dáhùn, kò gbé orí sókè. “Ilẹ̀ tutù.”